Ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ni àbí ìṣàkóso òwò? Ìdáhùn fún ọmọ Ìjùmú kan tó ń múra JAMB

Lẹ́tà tó dé ọwọ́ mi nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ọ̀kun o, Mà. Ọmọ ọdún 17 ni mí, Ìjùmú ni ilé wa. WAEC mi ti jáde: B3 nínú Economics, C4 nínú Gẹ̀ẹ́sì, C5 nínú Maths. Mo fẹ́ gba fọ́ọ̀mù JAMB. Bàbá mi ní kí n ka Economics torí òun ló lórúkọ. Àǹkù mi tó wà ní Àbújá ní Business Administration ló ń mówó wá. Ìyá mi ń ta gàrí ní ọjà Kàbà, èmi ni mo máa ń bá wọn ṣírò owó tí wọ́n bá délé. Mà, kí ni ìyàtọ̀ méjèèjì gan-an, èwo ni kí n mú?"

Ọ̀kun o, ọmọ mi. O kú ìmúra. Ọdún 24 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Economics ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ní ìhà Kàbà àti ní ilẹ̀ Yàgbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi wa níbí, kí n tó fẹ̀yìn tì. Tí àsìkò JAMB bá ti ń kanlẹ̀kùn, ìbéèrè tí òbí àti ọmọ máa ń gbé wá bá mi jù nìyí. Nínú gbogbo ohun tí o kọ, ohun tó dá mi dúró ni pé ìwọ lò ń bá ìyá rẹ ṣírò owó. Bàbá rẹ sọ̀rọ̀ orúkọ, àǹkù rẹ sọ̀rọ̀ owó, ìwọ nìkan lo sọ ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí náírà di ọ̀wọ́n gógó lọ́wọ́ aráàlú. Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, kéde pé àwọn máa pààrọ̀ bébà 200, 500 àti 1,000, pé ti àtijọ́ kò ní ṣeé ná mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kìíní. Wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Àwọn èèyàn ti kó ti àtijọ́ lọ sí báńkì, tuntun ò sì kárí. Gàrí kún àpò, ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ dúró síwájú àpò, bébà owó tí yóò fi rà á ni kò sí. Àwọn tó ń ṣe POS ń ta owó bí ẹni ń ta iṣu. Ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé ti àtijọ́ ṣì jẹ́ owó títí ọdún náà yóò fi parí ni ara ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tu aráàlú.

Ẹni tó ní ojú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, ìyẹn Economics, máa wo ọjà ọjọ́ yẹn, á bi ara rẹ̀ pé: báwo ni owó fúnra rẹ̀ ṣe di ohun tí wọ́n ń fi owó rà? Tí owó bá wọ́n láàárín ìlú, ṣé gàrí máa gbówó lórí ni àbí á wálẹ̀? Ta ló jìyà jù: òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní ápù báńkì lórí fóònù, àbí ìyá àgbẹ̀ inú Bùnú tí báńkì jìnnà sí? Ṣé ohun tí ìjọba ń wá nínú ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí aráàlú pàdánù? Gbogbo ọjà pátá ló wà níwájú rẹ̀, kì í ṣe ìsọ̀ kan.

Ẹni tó ní ojú ìṣàkóso òwò, ìyẹn Business Administration, dúró sí ọjà kan náà, àmọ́ ìsọ̀ ìyá rẹ ló ń wò. Kí ló dé tí obìnrin ẹ̀gbẹ́ wọn tó kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára páálí tó sì gbé e kọ́ fi ń tà, tí àwọn tó kù ń wo ojú ọjà? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé álẹ́ẹ̀tì tí oníbàárà fi hàn kì í ṣe ayédèrú? Àwọn wo la lè tà fún láwìn, mélòó ni, ìgbà wo ni wọ́n máa san án? Àwọn tó ń kó gàrí wá láti oko ò gba nǹkan míì ju owó bébà lọ, ṣé kí a dín ọjà tí à ń gbà kù ni, àbí ká wá owó bébà láti ibòmíì? Ọlọ́gbọ́n ni àwọn ìbéèrè wọ̀nyí náà. Ẹni bá fojú kéré wọn kò tíì pàtẹ rí.

Ọmọ mi, ibi tí ọ̀nà ti yà nìyẹn. Èwo nínú ìbéèrè méjèèjì ló máa ń tẹ̀lé ọ dé orí ibùsùn? Mo ti rí ọmọ púpọ̀ tó yan ẹ̀ka nítorí ohun tí wọ́n gbọ́ nípa iṣẹ́ tó wà níwájú, tí ìbéèrè inú ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀ kò sì fà wọ́n mọ́ra rárá. Ọdún mẹ́rin pẹ́ jù láti fi máa dáhùn ìbéèrè tí kò wù ọ́.

Jẹ́ kí n tún èrò méjì kan ṣe, ọ̀kan ti bàbá rẹ, ọ̀kan ti àǹkù rẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì.

Ìmọ̀ ọrọ̀-ajé kì í kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń lówó. Ohun tó ń kọ́ni ni bí èèyàn, ilé iṣẹ́ àti ìjọba ṣe ń yàn nígbà tí ohun tó wà nílẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n fẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi lè wọ ibi tí o kò rò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Eyitayo Lambo, ọmọ Kogi wa, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 2003 sí 2007, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ètò ìlera ni, iṣẹ́ dókítà kọ́ ló kọ́. Akinwumi Adesina tó ṣe ààrẹ Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà láti 2015 sí 2025, ọrọ̀-ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ ló kà ní Ifẹ̀. Orúkọ tí bàbá rẹ ń sọ wà lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn orúkọ náà pọ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, ohun tí o bá pàdé kò ní jìnnà sí ohun tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ mi ní SS3: bí oníbàárà ṣe ń rà, bí ọlọ́jà ṣe ń tà. Tó bá di ọdún kejì, ìṣirò á wọlé: calculus, matrix, statistics. Ní ọdún kẹta ni econometrics máa ń dé, níbi tí wọ́n ti ń fi dátà yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu wò, bóyá òótọ́ ni pé ohun kan ló fa òmíràn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò mọ̀ pé èyí ń bọ̀ títí ó fi dé.

Ìṣàkóso òwò náà kì í kọ́ èèyàn ní òwò ṣíṣe bí àǹkù rẹ ṣe rò ó. Ó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń darí ibi tí èèyàn púpọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀: bí a ṣe ń gba òṣìṣẹ́ tí a sì ń tọ́jú wọn, bí a ṣe ń ṣírò ìnáwó àti èrè, òfin àdéhùn, bí ọjà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa rà á, bí a ṣe ń gbèrò ọdún márùn-ún síwájú. Ìṣirò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti ìwé owó ló pọ̀ jù. Kíkọ àti sísọ̀rọ̀ níwájú èèyàn pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ olówó tó wà ní ọjà Kàbà kò kà á, òwò wọn sì dúró dáadáa. Wo Màmá Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì tó wà ní Ìjùmú yín níbẹ̀. Ó mú aró àti àdìrẹ ilé dé ojú ayé, ó dá ibi ìkọ́ṣẹ́ àti ibi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, Èkó, Àbújá àti ní Ògìdì fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ka ìṣàkóso òwò ló ti jáde. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ṣe yẹn, bó ṣe kọ́ àwọn obìnrin míì níṣẹ́ tí iṣẹ́ kò fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́, bó ṣe mọ irú ẹni tó máa rà á àti ibi tí onítọ̀hún wà, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣàkóso òwò ń fi ọdún mẹ́rin tú wò nìyẹn. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé á yíjú sí Bùnú, á béèrè ìbéèrè míì: aṣọ pupa tí àwọn ìyá wa ń hun níbẹ̀, tí wọ́n fi ń bo òkú àgbà, kí ló dé tí àwọn tó ń hun ún fi dín kù bẹ́ẹ̀? Èló ni wákàtí obìnrin kan tọ́ sí nídìí òfì, nígbà tí aṣọ ilé iṣẹ́ ti dé ọjà ní owó pọ́ọ́kú, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ń lọ sílé ìwé?

Wo ọ̀rọ̀ kajú náà. Láti nǹkan bí oṣù kejì lọ sí oṣù karùn-ún, o máa ń rí àwọn tó ń rà á káàkiri abúlé pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Èyí tó pọ̀ jù nínú kajú Nàìjíríà ni wọ́n ń kó jáde láìpa èèpo rẹ̀, Vietnam àti India ló sì ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń tà á níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 tí dọ́là fò sókè, kílò kajú kan tí iye rẹ̀ ní dọ́là kò yí padà á di náírà púpọ̀ sí i lọ́wọ́ àgbẹ̀ Ìjùmú, bẹ́ẹ̀ ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò tó ń rà á gbówó lórí lọ́nà kan náà. Ẹni tí irú okùn yìí bá ń dùn mọ́, tó fẹ́ tẹ̀ lé e láti abẹ́ igi kajú dé èbúté òkèèrè, kí ó ka ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. Ẹni tí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ jẹ́ pé "kí ló dé tí àwa fúnra wa ò fi máa pa kajú yìí, ta ni màá gbà síṣẹ́, èló ni ẹ̀rọ, ta ló máa rà á", kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé òun kúrò nínú ìṣàkóso òwò.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìṣirò, torí C5 rẹ ń jẹ mí lọ́kàn díẹ̀. Gbé ìwé, ká ṣe é pọ̀. Ká ní ìyá rẹ ń ta 100 múdù gàrí lọ́jọ́ ọjà, ₦1,000 ni múdù kan. Owó tó wọlé jẹ́ ₦100,000. Wọ́n fi 10% lé e, ó di ₦1,100, àwọn oníbàárà sì dín in kù, 95 múdù ló tà. Owó tó wọlé di ₦104,500: ó lé. Tó bá jẹ́ pé 85 múdù ló tà ńkọ́? Ó di ₦93,500: ó dín. Ìṣirò náà rọrùn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tó sọ sí ọ lọ́kàn bí o ṣe rí nọ́ńbà méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé "kí ló máa ń mú wọn dín in kù sí 95 níbì kan, kó jẹ́ 85 níbòmíì, ṣé torí èlùbọ́ wà nítòsí ni?", ọ̀rọ̀-ajé ń pè ọ́. Bó bá jẹ́ pé "₦104,500 kọ́ lèrè, ẹ jẹ́ ká yọ owó ọkọ̀, owó àpò àti àwìn tí wọn ò tíì san", ìṣàkóso òwò ni, bóyá kódà ìṣirò owó, Accounting.

C5 kò burú fún wíwọlé. Kírẹ́díìtì ni, kírẹ́díìtì ni wọ́n sì ń béèrè. Àmọ́ tó bá jẹ́ Economics lo mú, o gbọ́dọ̀ padà sídìí Maths kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì mi nígbà kan, ẹnu rẹ̀ dùn, gbogbo àwùjọ ló ń tẹ̀ lé e. Òun ló ṣètò títa omi tútù àti búrẹ́dì nígbà eré ìdárayá ilé ìwé, ó sì mú èrè wá. Bàbá rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi, mo ní kó lọ ka Economics. Mo fẹ́ràn ẹ̀ka náà, mo fẹ́ kí ọmọ tó já fáfá lọ síbẹ̀, mi ò sì bi í bóyá ìṣirò wù ú. Ọdún kejì ló dá a dúró. Ó fi ọdún kan gbáko jókòó sílé kó tó tún bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka ìṣàkóso òwò ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, ibẹ̀ ló ti tàn bí iná. Ọdún kan àti owó òbí rẹ̀ tó lọ yẹn, ọrùn mi ló wà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń béèrè ohun tó wà lọ́kàn ọmọ kí n tó dáhùn.

Lórí iṣẹ́, màá sọ bó ṣe rí. Àwọn báńkì tó ń gba ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sábà máa ń mú wọn láti oríṣiríṣi ẹ̀ka. Ohun tí wọ́n ń wò ni ipò tí o fi jáde àti ìdánwò ìṣirò òun òye tí wọ́n máa ṣe fún ọ. Níbẹ̀, Economics kò fi bẹ́ẹ̀ borí ẹnì kejì rẹ̀. Ibi tó ti borí ni ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ràn àti ètò ìnáwó ìjọba, àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí, CBN, ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba, àti ilé ẹ̀kọ́. Má fojú di ilé ẹ̀kọ́ o. Níhìn-ín, láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Kàbà, ilé ẹ̀kọ́ girama wà nínú ibi tí ẹni tó kàwé ti ń rí iṣẹ́ nítòsí ilé, Economics sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ nínú wọn. Ìṣàkóso òwò borí níbi tí wọ́n ti ń wá ẹni tó máa bójú tó òṣìṣẹ́, ọjà títà, ìpèsè nǹkan, àti ọ́fíìsì lápapọ̀, yálà ní ilé ìwòsàn, ìjọ, ilé iṣẹ́ tàbí àjọ aládàáni.

Ohun kan wà tí kì í sábà dé etí àwọn ọmọ. Lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, ẹni tó ka Economics lè padà wá gba MBA, oyè kejì nínú ìṣàkóso òwò, torí MBA ń gba ẹni tó ti oríṣiríṣi ẹ̀ka wá. Ẹni tó ka ìṣàkóso òwò tó wá fẹ́ ṣe oyè kejì nínú Economics máa ń bá ìṣòro pàdé, ìṣirò tí kò kọ́ ló máa ń dí i lọ́nà. Ilẹ̀kùn wà láàárín yàrá méjèèjì, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti ṣí láti apá kan ju èkejì lọ.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù kò gbà mí lásìkò. Inú rẹ á dùn pé o kò tíì ti ilẹ̀kùn kankan: Gẹ̀ẹ́sì, Maths, Economics àti iṣẹ́ kan sí i, bíi Government, ni o máa ṣe ní JAMB, ó sì bá ẹ̀ka méjèèjì mu ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ yunifásítì. Wo ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB fún ilé ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ gan-an, má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ àwọn tó wà ní káfè. JAMB máa ń gba owó kí èèyàn yí ẹ̀ka padà lẹ́yìn ìdánwò, tí o bá yí ọkàn padà. Wo Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́ja àti ti Ìlọrin. Àwọn méjèèjì súnmọ́ wa, ọmọ Kogi sì ní àǹfààní nínú ìgbanisílé wọn: 45% ni ti ẹni tó gba máàkì jù, 35% jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ẹ̀kọ́ ká, 20% sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ dáadáa, Kogi sì wà lára wọn. Tí owó bá jẹ́ ìṣòro, NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìgba èlé ní 2024, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló sì wà fún. Tí JAMB kò bá gbè ọ́ lọ́dún yìí, má jókòó sílé: ND, ìwé ẹ̀rí ọdún méjì, nínú ìṣàkóso òwò ní pólì lè gbé ọ wọ ọdún kejì yunifásítì tí èsì rẹ bá dára.

O béèrè èwo ni kí o mú. Pẹ̀lú lẹ́tà rẹ nìkan lọ́wọ́ mi, mo tẹ̀ sí Economics, nítorí B3 yẹn àti nítorí ilẹ̀kùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n tí o bá ṣèlérí fún ara rẹ pé o máa jókòó ti Maths láti ìsinsìnyí. Mo lè ṣì í, bí mo ṣe ṣì í nígbà kan. Nítorí náà, ṣe èyí fún mi kí o tó san owó fọ́ọ̀mù. Tẹ̀ lé ìyá rẹ lọ sí ọjà ní ọjọ́ ọjà méjì tó ń bọ̀. Mú ìwé kékeré kan dání, kọ gbogbo ìbéèrè tó bá wá sí ọ lọ́kàn bí ọjà bá ṣe ń lọ, má yàn wọ́n, má tún wọn ṣe. Nígbà tí o bá délé, ka iye tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìsọ̀ ìyá rẹ àti iye tó jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ọjà. Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi bó ṣe rí, ká jọ wò ó. Bá mi kí ìyá rẹ, kí wọ́n kú ìnáwó, kú òwò.